Yìnyín tó bí odò Rhône kì í ṣe àgbàrá

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Mo ka ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa ń kọ fún àwọn ọmọ girama nípa odò Rhône, láti orísun rẹ̀ ní Swítsàlandì títí dé Òkun Mẹditaréníà. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n "agbara yinyin" tí wọ́n pe yìnyín ńlá tí odò náà ti ṣẹ̀ (tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní glacier) kò wọ̀ mí létí. Wọn ò fàmì sí i, ẹnì kan kà á sí agbára, ẹ̀gbọ́n sì bínú, wọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹni tó ń kọ́ni ní Yorùbá kúkú ló yẹ kó kọ́kọ́ fàmì sọ́rọ̀.

Ká tiẹ̀ gbà pé àgbàrá ni wọ́n ń wí. Àgbàrá wo lẹ rí tó sùn mọ́jú? Bí òjò bá dá, ìyá àgbà mi l'Ékìtì á ní ká jẹ́ kí àgbàrá lọ ná. Kò ní pẹ́ tí a ó fi sọdá. Yìnyín tí à ń sọ yìí ti wà lórí òkè lẹ́bàá Furka, ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá ní Swítsàlandì, láti ayébáyé. Òjò dídì ń bọ́ lé òjò dídì lórí, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ń fún pọ̀ di yìnyín. Kì í dúró lójú kan, òótọ́ ni. Lọ́dún 1874, àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ to òkúta tí wọ́n kùn lọ́dà sórí rẹ̀ ní ìlà tó gún régé, láti etí kan dé èkejì. Ọdún ń gorí ọdún, ìlà náà tẹ̀: àwọn òkúta àárín ti lọ síwájú, ti ẹ̀gbẹ́ ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Ohun tí kò lẹ́sẹ̀, tó ń fi àyà wọ́lẹ̀ lọ, a ti ní orúkọ fún un. Yìnyín afàyàfà ni mo dábàá. Ẹ wo "àyà" tó wà láàárín yẹn dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àyà yìnyín yìí ló ń lọ àpáta abẹ́ rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, tí Rhône fi ń funfun bí omi ògì títí tó fi wọ Léman, adágún ńlá tó wà láàárín Swítsàlandì àti Faransé. Omi náà tutù, ó tún ru lẹ́búlẹ́bú, ó sì wúwo ju omi adágún lọ, nítorí náà ńṣe ló ń rì wọ abẹ́. Ó ti gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ adágún. Ibẹ̀ ló ti ń tòrò. Nígbà tó bá máa fi jáde ní Geneva, ó ti mọ́ gaara, kí odò Arve tó ti ìhà òkè Mont Blanc bọ̀ tó wá da omi rírú tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá dúró lórí afárá ibẹ̀ á rí àwọ̀ méjì nínú odò kan ṣoṣo, tí wọn ò tètè pò pọ̀.

Omi tó ń jáde lábẹ́ yìnyín, ìyẹn ni àgbàrá. Oòrùn ọ̀sán ní ń mú un kún, kílẹ̀ tó mọ́ á ti fà. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbẹ odò tiwa; oòrùn ló ń kún tiwọn, láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ. Omi tó tutù tó sì rú bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára òkúta ráyè. Lẹ́nu yìnyín gan-an, idin Diamesa, kòkòrò tó jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n tí kì í jẹni, ló sábà máa ń gba ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ lẹ ó ti rí ẹja. (Ti àgbàrá àti ọ̀gbàrá tí àwọn kan ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, mi ò dá sí i. Àgbàrá là ń pè é nílé wa.)

Ẹnì kan ti ní ohun ẹlẹ́mìí nìkan ló ń jẹ́ afàyàfà. Ìyáàlù ńkọ́, ó ti bímọ rí?

Ẹlòmíràn ní kí la fẹ́ forúkọ ṣe fún ohun tó ń kú lọ. Òótọ́ ni pé nígbà àwọn ọdún 1850, yìnyín yìí sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀ títẹ́jú Gletsch nísàlẹ̀ òkè; lónìí ó ti sá padà sókè, adágún kékeré ló wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ń da aṣọ funfun bò ó nígbà ooru kí oòrùn má baà tètè yọ́ ihò yìnyín tí àwọn àlejò ń wọ̀. Àbíkú pàápàá, ṣebí à ń sọ ọ́ lórúkọ.

Òkìtì òkúta tí yìnyín náà tì síwájú kó tó sá padà ṣì wà ní Gletsch. Kí la fẹ́ pe ìyẹn? Ẹ má ní ebè o. Ọkọ́ la fi ń kọ ebè.