Ìwé tí ọmọ mi lè kà lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti aláwọ̀ dúdú l'Amẹ́ríkà

Ìyá Ìjàpọ̀: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ọmọ mi ọdún 15 rí fídíò George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú l'Amẹ́ríkà, tí ọlọ́pàá fi orúnkún tẹ̀ lọ́rùn pa ní 2020, àtìgbà náà ló ń bi mí pé kí ló ṣe, ẹnu mi ò gbà á. Ìwé wo ni kí n rà?

Ará Alágbàká: Mọ̀mí, The Hate U Give, ìwé ìtàn àròsọ ti Angie Thomas, ni o. Ojú Starr, ọmọ ọdún 16, ni ọlọ́pàá ti yìnbọn pa ọ̀rẹ́ ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì irun lásán ni wọ́n pè ní ìbọn! Mo sunkún níbẹ̀.

Ọmọ Ọjà Ọba: Ẹ fi Between the World and Me kún un, lẹ́tà ni Ta-Nehisi Coates kọ ọ́ sí ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, ọdún 15 bíi ti yín gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jọ kà á ni o, ó le fọ́mọdé láti dá kà.

Ìyá Ìjàpọ̀: Ẹ ṣé gan-an, a ó jọ kà á lálẹ́.