Lórí orúkọ tí a fẹ́ fún ìtọ́jú bárakú apàrora

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ ní ká máa pe ìtọ́jú tí wọ́n ń fi methadone àti buprenorphine ṣe, fún àwọn tí heroin tàbí apàrora líle bíi mọfíìnì ti di bárakú fún, ní "ìtọ́jú afoògùnṣèrànwọ́". Àbúrò wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìyẹn ti gùn jù, pé "ìpààrọ̀ oògùn olóró" ti tó, torí ẹ̀gún la fi ń yọ ẹ̀gún. Ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí "ìpààrọ̀" bẹ̀rẹ̀, torí èmi náà ti lò ó rí, mo sì kábàámọ̀ ẹ̀. Mò ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá kan lórí fóònù, dókítà ń ṣàlàyé ohun tí methadone máa ṣe fún ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Mà, wọ́n fẹ́ fi oògùn mìíràn pààrọ̀ èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀." Ìyá dákẹ́. Nígbà tó máa fọhùn, ó ní, "Ṣé kí n wá máa dúpẹ́ pé ọmọ mi kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá kan, ó bọ́ sọ́wọ́ òmíràn?" Dókítà ń retí kí n túmọ̀ ìbéèrè náà. Mo túmọ̀ ẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹnu mi ló bí i.

Heroin máa ń yára dé ọpọlọ. Ó ń gbéni sókè, kò sì ju wákàtí díẹ̀ lọ tó fi ń jáni sílẹ̀: imú á máa ṣomi, èèyàn á máa yán, òógùn tútù á bò ó, inú á máa run ún, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Methadone tí wọ́n bá wọ̀n bó ṣe yẹ, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń mu ún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń wọlé, ó sì ń pẹ́ lára. Ẹni tó mu ún láàárọ̀ lè gba ibi iṣẹ́ ẹ̀ lọ. (Àpọ̀jù ẹ̀ ń pani o. N kò sọ pé omi ni.)

Èdè wa fúnra ẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹ wo "ajoògùnyó" dáadáa. "Yó" tó wà nídìí ẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́. Ẹ gé e kúrò, ó ku "ajoògùn", ẹni tó ń jẹ oògùn, bí ẹni tó ń jẹ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń jẹ tiẹ̀. Ẹni tó ń gba methadone bó ṣe tọ́ ń joògùn, kò yó. Kódà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣì wà nínú heroin kì í yó mọ́. Ara wọn ti le sí i. Kí àìsàn tí mo kà sílẹ̀ yẹn má bàa dá wọn gúnlẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá a kiri. Orúkọ tí à ń pè wọ́n gan-an, irọ́ ló ń pa mọ́ wọn.

Ní ti ẹ̀gún, àbúrò, ẹ̀gún tí a fi yọ ẹ̀gún, jíjù là ń jù ú nù. Ẹlòmíràn á lo methadone fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá dá a dúró tó sì padà sídìí heroin wà nínú ewu ńlá, torí ara ẹ̀ ò lè gba ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó wá kan "ìrànwọ́". Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀gbọ́n ń tú, "medication-assisted treatment", àwọn tó ni ín ti ń sá kúrò nídìí ẹ̀. Nínú ìròyìn tí National Academies, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣègùn, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019, oògùn gan-an ni wọ́n pè ní ìtọ́jú, wọn ò fi "ìrànwọ́" kún un. Tí a bá ní oògùn ń ṣèrànwọ́, ohun tí à ń sọ ni pé ìmọ̀ràn àti ìjókòó-sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ gidi, pé oògùn kàn ń bá a gbé ẹrù ni. Ta ló ń pe ínsúlíìnì ní olùrànlọ́wọ́ fún alátọ̀gbẹ? Nígbà tí àwọn dókítà mẹ́ta, Vincent Dole, Marie Nyswander àti Mary Jeanne Kreek, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ilé ìwádìí Rockefeller, New York, ní 1964, methadone ni wọ́n fi ṣe ìtọ́jú náà, orúkọ tó sì mọ́ iṣẹ́ wọn lára ni ti ìmúdúró, "maintenance". Àjọ Ìlera Àgbáyé fi methadone àti buprenorphine sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ní 2005. Kòṣeémánìí ni wọ́n pè é, ẹ̀gbọ́n.

Àwọn kan tún ní ká pa "bárakú" tì nítorí "kú" tó wà nínú ẹ̀, bí ẹni pé kò ní àtúnṣe. Rárá o. A máa ń sọ pé òfófó ti di bárakú fún èèyàn, a kì í sì í torí ẹ̀ gbẹ́lẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé nǹkan méjì là ń fi bárakú pè: kí ara má lè ṣe láìsí nǹkan, àti kí èèyàn máa lé nǹkan náà kiri bó tilẹ̀ ń ba ayé ẹ̀ jẹ́. Ẹni tí dókítà fún ní mọfíìnì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ara ẹ̀ lè máa bèèrè, àmọ́ kò lé e kiri. Ẹ jẹ́ kí ìkejì máa jẹ́ bárakú, ká pe ti àkọ́kọ́ ní "ìmọ́nilára", torí ó ti mọ́ ọn lára ni. N kò sọ pé "ìmọ́lára" o. Bí fóònù bá ti gba àmì lórí ẹ̀, ìmọ̀lára ni gbogbo ayé máa kà.

Ohun tí mo mú wá ni "oògùn amáradúró", "ìtọ́jú amáradúró". Iṣẹ́ tó ń ṣe ló fi ń jẹ́ orúkọ.

Èyí tó kù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lásán. Nínú ìwé ìlànà buprenorphine kan, mo kọ́kọ́ kọ "ẹ lò ó lábẹ́ ahọ́n". Ẹni tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ní, "Lò ó báwo?" Mo yí i sí "ẹ fi sábẹ́ ahọ́n, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ má gbé e mì, ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra ẹ̀", torí èyí tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá, díẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́. Aláìsàn sì gbọ́dọ̀ dúró títí ara á fi máa bèèrè kó tó lo ti àkọ́kọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oògùn náà á ti heroin kúrò ní ipò ẹ̀ lójijì, àìsàn á sì kì í mọ́lẹ̀. "Ara ń bèèrè" tó bẹ́ẹ̀. Kí la fẹ́ fi "àìsàn ìjáwọ́" tí àwọn kan ń pè é ṣe?

Naltrexone, oògùn kẹta tí wọ́n ń fi tọ́jú bárakú yìí, ni ò gba amáradúró. Kò ní ìmọ́nilára nínú rárá. Ńṣe ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́ kí heroin ráyè wọlé, wọn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ àfi tí èèyàn bá ti lo bí ọjọ́ 7 sí 10 láìfẹnu kan apàrora irú yẹn. Mo kọ "adènà", mo pa á rẹ́, torí ọlọ́ṣà ló ń dènà de èèyàn. "Aṣọ́bodè" ló wà lọ́kàn mi báyìí. Àbúrò, ìwọ tí ò ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ lóṣooṣù, kí lò ń pè é tó o bá ń bá wọn sọ̀rọ̀?