Kóòṣì lórí mátì, Dádì nílé: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjàkadì l'Ákùúrẹ́, ọmọ mi méjì sì wà nínú wọn. Àwọn òbí kan a máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Kí wọ́n má baà rí ọ̀rọ̀ sọ, àwọn tèmi ni mo máa ń le mọ́ jù. Àwọn yòókù á sáré yípo pápá lẹ́ẹ̀márùn-ún, tèmi á sá mẹ́jọ. Lójú tèmi, bí mi ò ṣe ń ṣègbè nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, èyí obìnrin ń jà nínú ìdíje kan. Póìntì 7 sí 1 ló fi ń ṣáájú, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó kù. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ní fúrísitáì, irú ìjàkadì tí à ń jà, tó bá ti fi póìntì 10 ju ẹnìkejì lọ, ìjà parí nìyẹn. Ni mo bá ń pariwo láti igun: "Wọlé sí i! Wọlé sí i!" Ó fò mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ yẹn. Ọmọ ọ̀hún kàn yẹ̀, ó gbá a lórí mú, ó yí i dé. Èjìká méjèèjì balẹ̀, rẹfirí lu mátì. Ó tán.

Mo bú u títí a fi délé. Kò fèsì. Lálẹ́, ó gbé fóònù wá: "Dádì, Ọdúnayọ̀ Adékúoróyè, oníjàkadì Nàìjíríà, fi 8 sí 2 ṣáájú ọmọ Moldova ní Olympics Tokyo lọ́dún 2021, ìyẹn ṣì fi ẹ̀yìn ẹ̀ gbálẹ̀. Lọ́dún kejì, Adékúoróyè gba góòlù Commonwealth ní Birmingham. Ta lẹ rò pé ó bú u délé?" Ó tún ní: "Ta ló tiẹ̀ ní kí n wọlé?"

Mo fẹ́ sọ pé kò mọ̀wọ̀n ara ẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á.

Ní báyìí, igbákejì mi ló ń jókòó sígun fún àwọn ọmọ mi, èmi náà ń jókòó fún tiẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti tú bàtà, n kì í ṣe kóòṣì mọ́, àfi tí àwọn fúnra wọn bá dá ọ̀rọ̀ ìjà sílẹ̀. Kò rọrùn o. Nígbà mìíì, ọ̀rọ̀ á ti dé ọ̀nà ọ̀fun.

*

Ẹ̀gbọ́n, ní tèmi, èmi gan-an ni ọmọ. Bàbá mi ló kọ́ mi, kìlò 49 ni mo sì ń jà. Bí ìdíje bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá á ti oúnjẹ mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá á dúró títí wọ́n á fi sùn, wọ́n á wá rọra gbé ẹ̀bà fún mi nínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ kan, ìwọ̀n sọ 50 àti ààbọ̀. Bàbá ò wo èmi, Màmá ni wọ́n ń wò. Wọn ò jẹ́ kí n jà lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi tí ebi ń pa, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ gòkè sí ìsọ̀rí kìlò 53.

Ìgbà tí kóòṣì mìíì gbà mí ni mo tó gòkè. Bàbá wá ń jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ Màmá, wọ́n á máa jẹ etí fìlà wọn.