Ọmọ mi kì í jẹ oúnjẹ ilé, ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo lè ṣe?

Ẹ̀yin mọ́mì wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún 7 ni, Ìlọrin níbí la ń gbé, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹ̀ ti tojú sú mi. Ìńdómì, búrẹ́dì àti ẹyin díndín nìkan ló ń wọ ọ̀fun ẹ̀. Tí mo bá ro tùwó, á ní ó ń lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, àmàlà á ní ó dúdú, ẹ̀wà ńkọ́, á máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi tutù. Ẹ̀fọ́ ò ṣeé dárúkọ rárá.

Àmọ́ ó ń jẹ wàrà díndín gan-an, ó sì ń jẹ mọ́ínmọ́ín tí ata ò bá pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé kì í ṣe ẹ̀wà gangan ló kórìíra, bó ṣe ń rí lẹ́nu ẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi ebi pa á, dádì ẹ̀ ní kí n mú pàṣán jókòó tì í, ọkàn mi ò gba méjèèjì, torí ọmọ tí wọ́n bá ń fi tipá bọ́ á tún wá kórìíra oúnjẹ ọ̀hún sí i ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti lọ ẹ̀fọ́ mọ́ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín rí, ṣé kò ní korò? Kí ni mo lè dì fún un lọ síléèwé yàtọ̀ sí búrẹ́dì tí kò ní bàjẹ́ kó tó di aago méjì? Ó tètè máa ń rẹ̀ ẹ́ tó bá ń ṣeré báyìí, ṣé kí n kọ́kọ́ mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni?