Ọmọ mi rí ọlọ́pàá, ó sá: kí ni kí n kọ́ ọ?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń bọ̀ láti ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá nígbà tó rí àwọn ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Mọ́kọ́lá. Ẹnikẹ́ni kò pè é, kò sì ṣe ohunkóhun, ṣùgbọ́n bó ṣe rí wọn báyìí ló bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n lé e, wọ́n mú un, wọ́n tú àpò rẹ̀, ìwé ìṣirò àti búrẹ́dì tó jẹ kù ni wọ́n bá níbẹ̀, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ délé. Èkejì ti bọ́ sínú gọ́tà.

Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tó fi sá, ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé tí a bá ṣe orí kunkun, ẹ ó pe ọlọ́pàá kó wá mú wa." Òótọ́ ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mi ò fẹ́ purọ́ fún un pé kò sí ọlọ́pàá tó burú, nítorí ó ti tó ẹni tó mọ ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi tú síta ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS tí wọ́n fi tako ìwà ìkà ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa kọ́ òun àti àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí wọ́n má ṣe sá, kí wọ́n má ṣe yájú, kí ohùn má sì ṣe há sí wọn lọ́fun?

Bàbá Àgbà, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ náà kò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, mo sì lè sọ fún yín pé ẹni tó bá sá ni a máa ń lé, nítorí a kò mọ ohun tó ń sá fún. Ẹ kọ́ ọ kó dúró, kó yọ ohun tó fi sétí, kó kí wọn bó ṣe ń kí àgbàlagbà, kó sì jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Tí wọ́n bá ní kó mú nǹkan jáde nínú àpò, kó kọ́kọ́ sọ pé, "Sà, káàdì ilé-ìwé mi ni mo fẹ́ mú," kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lálẹ́, ọwọ́ tó yára wọ àpò máa ń já ọlọ́pàá láyà.

Ohun kan tún wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń mú wá sí àgọ́ wa nígbà náà kò mọ nọ́ńbà ìyá wọn lórí, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kó há a sórí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìdérí máàtì-sẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Agbẹjọ́rò kan, Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ Bàbá dára, ṣùgbọ́n ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan kò tó. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti sọ di òfin tiwọn, sọ pé bí wọ́n bá mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kí wọ́n fi tó òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ létí lójú ẹsẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láìjáfara. Abala karùndínlógójì ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 náà sì fún ẹni tí wọ́n bá mú ní àǹfààní láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́ ọmọ náà: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe màmá mi kí n tó dáhùn." Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó dé. Bí wọ́n bá fẹ́ tú ara ọmọbìnrin, obìnrin ni kó tú u. Béèlì kì í sì í ṣe ohun tí à ń sanwó fún.

Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo gbìyànjú rẹ̀ ní kíláàsì JSS 1. Mo dé fìlà dúdú, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n máa kọjá níkọ̀ọ̀kan. N kò tíì la ẹnu tí ọmọbìnrin kan fi kúnlẹ̀ tó ń sọ pé, "Ẹ dárí jì mí, sà." Mi ò rẹ́rìn-ín rárá. A tún un ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó lè wò mí lójú kó sì sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọlọ́pàá dẹ́rù ba ọmọ mọ́. Bí ọmọ bá sọnù lọ́jà, ọ̀dọ̀ ta ni yóò sá lọ?

Bàbá kan, Lọ́ńdọ̀nù

Níbí, nítorí òfin ọdún 1984 tó dá lórí agbára ọlọ́pàá, ọlọ́pàá tó bá fẹ́ tú ara ọmọ mi ní láti sọ ohun tó ń wá, ìdí rẹ̀ àti àgọ́ tó ti wá, ọmọ náà sì lè béèrè ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wálé fún ọlidé, mo máa ń kì í nílọ̀ pé ìkíni ló ń ṣáájú ìbéèrè lọ́dọ̀ wa. Mo sì ní kó má ṣe na fóònù sí wọn lójú: kó wo orúkọ tó wà láyà aṣọ, nọ́ńbà ọkọ̀ àti aago, kó délé kó sọ fún mi. Ìjà tó bá kù, èmi bàbá rẹ̀ ni yóò jà á.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun gan-an ni. A ṣe é nílé lánàá, ọkọ mi ni ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n wọn ṣe é dáadáa, Táíwò náà sọ nọ́ńbà mi láìkọsẹ̀. Àmọ́ Kẹ́hìndé béèrè pé, "Tí ọlọ́pàá bá ní òun ò ní pè yín ńkọ́?" N kò rí èsì fún un. Agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?

Agbẹjọ́rò kan, Abẹ́òkúta

Ẹ sọ fún un pé kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó wá dákẹ́, kó má sunkún jù. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ fi àdéhùn sí aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kó dá a lójú pé bí ìdajì wákàtí bá fi kọjá, ẹ ti wà lọ́nà, àti pé àgọ́ ọlọ́pàá wà lára ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ yà.