Ẹ bá mi wá orúkọ fíìmù sàmúráì kan tó ní sójà àti hẹlikọ́pútà nínú

ỌmọAdó_Gidi:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Fíìmù kan ló ń dà mí láàmú. Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ádó, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ilé fídíò, kásẹ́ẹ̀tì kàrátè ni wọ́n sábà máa ń fi sí i fún wa, àfi ọjọ́ kan tí wọ́n fi kinní ará Jàpáàn kan sí i, àwọn sójà ayé ìsinsìnyí ni o, pẹ̀lú hẹlikọ́pútà àti ọkọ̀ ogun onírin ńlá yẹn, wọ́n kàn ṣàdédé bá ara wọn láàárín àwọn sàmúráì, jagunjagun ayé àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáàn, tó ń gun ẹṣin, ọfà ń fò, ìbọn ń dún, ni NEPA bá mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ò lépo. Títí dòní mi ò mọ bó ṣe parí. Ọkọ mi ní irọ́ ni, pé fíìmù méjì ni mo dà pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ kí lorúkọ ẹ̀?

Bùọ̀dá_Kásẹ́ẹ̀tì:
Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ó jẹ yín ní gbèsè. Sengoku Jieitai ni wọ́n ń pè é lédè tiwọn, G.I. Samurai lorúkọ tí àwọn òyìnbó fún un. 1979 ló jáde, Sonny Chiba ló ṣe ọ̀gá àwọn sójà yẹn. Ayé ló dédé yí mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n bá ara wọn ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn olóyè ogun Jàpáàn ń bá ara wọn jà káàkiri. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé wọn ò fi ìbọn ṣe idán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sójà á na gbogbo èèyàn, òótọ́ ni, àmọ́ níbo lẹ ti fẹ́ ra ọta láyé ìgbà yẹn, ta ló ń ta epo ọkọ̀, gbogbo èyí tí wọ́n bá yìn ti lọ nìyẹn, àwọn ọmọ ogun Takeda Shingen, ọ̀kan nínú àwọn olóyè ogun yẹn, ní tiwọn sì pọ̀ bí eṣú. Bó ṣe parí mi ò ní sọ, ẹ lọ wò ó.

Òkèmẹ̀sí_Lókè:
Bùọ̀dá ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ọta yìí ló mú mi rántí Kírìjì. Àwọn baba wa náà fi àkàtàǹpó àti ṣakabùlà jà títí, kí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà l'Ékòó tó fi ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí wọn, ìró ẹ̀ ló ń dún "kírìjì" yẹn. 1877 ni wọ́n máa ń sọ pé ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, ẹ sì wò ó o, ọdún 1877 yẹn náà ni Saigo Takamori kó àwọn sàmúráì tó kù jáde bá ìjọba jà ní Jàpáàn, ìbọn ìjọba sì pa wọ́n rẹ́. Ta ló máa bá wa ṣe fíìmù tí sójà òde òní á já bọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé lọ́jọ́ ogun?

ÌyáÌbejì_Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ìbọn nìkan lẹ mọ̀. Èmi fíìmù Daimajin ni mo fẹ́ràn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jáde lọ́dún 1966. Òrìṣà òkúta kan wà lórí òkè, ìkà kan gba ìlú lọ́wọ́ olórí ìlú, ó ń fìyà jẹ wọ́n, àwọn èèyàn ẹ̀ wá lọ kan irin mọ́ òrìṣà níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde! Nígbà tó dìde, ó wó gbogbo ààfin, kò tún fẹ́ dúró mọ́, omijé ọmọbìnrin kan ló tù ú lójú. Mo wò ó tán mo yọjú wo Olósùnta, òkè àpáta Ìkẹ́rẹ́ wa, lójú fèrèsé, ara mi bù máṣọ.

Ṣẹ́gun_Pọ́lì:
Màámi, fíìmù sáyẹ́ǹsì là ń sọ, ìyẹn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì o, òrìṣà ni 😂

ÌyáÌbejì_Ìkẹ́rẹ́:
Sójà tó fò padà sí irinwó ọdún, sáyẹ́ǹsì wo ló gbé e? Ẹ má bínú sí mi jàre.

Ṣẹ́gun_Pọ́lì:
Ẹ jàre màámi 🙏. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rín kó wo Gintama ti 2017, àwọn ará ojú ọ̀run ló gba ìlú Edo (Tokyo òde òní), sàmúráì ò gbọdọ̀ mú idà mọ́. Tuntun tó dùn jù ni A Samurai in Time, àrá sán lu sàmúráì ará Aizu kan, ó jí sí Kyoto òde òní níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù sàmúráì, wọ́n rò pé òṣèré ni, wọ́n bá fún un níṣẹ́, iṣẹ́ kí wọ́n máa fi idà pa á lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ ìrẹsì lọ̀gbẹ́ni tó darí ẹ̀ o, ẹ̀yin ará Ìgbẹ́mọ ẹ gbọ́! Ó sì gba fíìmù tó dáa jù nínú àmì ẹ̀yẹ Japan Academy lọ́dún 2025.

ỌmọAdó_Gidi:
Mo ti fi orúkọ ẹ̀ han ọkọ mi, ó ti lọ ra dátà fún mi láìjanpata. Bùọ̀dá, ẹ dákun ẹ sọ ìparí yẹn, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń dúró.

Bùọ̀dá_Kásẹ́ẹ̀tì:
Ó dáa. Wọ́n pa ọ̀gá wọn àti àwọn tó kù lọ́dọ̀ ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá ló pa wọ́n o, Kagetora, ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ ń jagun bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun tiẹ̀ ni wọ́n kú sí.

ỌmọAdó_Gidi:
Háà! Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà yẹn o. Ọpẹ́lọpẹ́ NEPA.