Orts: ibo lẹ̀yin ti pàdé ẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ort (orts tó bá pọ̀), àjẹkù oúnjẹ ló túmọ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín. Ìdí Scrabble lèmi ti rí i. Ẹni tá a jọ ń ta to O, R, T síwájú mi, póìntì 3 péré, ló bá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àṣé ó ti ní S lọ́wọ́ tó fẹ́ kàn mọ́ ọn nídìí kó lè fi gba ibi triple word, tó ń sọ póìntì ọ̀rọ̀ di ìlọ́po 3, ó sì rí i ṣe, ó fọ́ mi pátápátá. Látìgbà yẹn tí mo bá ti rí ORT nílẹ̀, F ni o, P ni o, S, T, W, èyí tó bá wà lọ́wọ́ mi ni màá fi síwájú ẹ̀.

— Crossword ni tèmi. Wọ́n á kọ 'table scrap' (àjẹkù orí tábìlì), àyè lẹ́tà 3, ORT nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ kì í ronú síbẹ̀ mọ́.

— Ẹ̀yin ń fi ṣeré, iṣẹ́ ni tiwa. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sin màlúù oníwàrà, orts ni wọ́n ń pe oúnjẹ tí màlúù bá jẹ kù sínú ọpọ́n. Láràárọ̀ a ó gbá a jọ, a ó wọ̀n ọ́n, a ó yọ ọ́ nínú iye tá a dà fún wọn lánàá, ìgbà yẹn la máa tó mọ iye tí wọ́n jẹ gan-an. Tó bá ku nǹkan bí ìdá 3 sí 5 nínú 100, ó dáa, àmọ́ tí ọpọ́n bá mọ́ fóo, ó lè jẹ́ pé wọn ò yó. Mo máa ń fọwọ́ tú u wò: tó bá jẹ́ pòròpórò gígùn gígùn nìkan ló kù, àwọn ọ̀gá ti ṣa ọkà inú ẹ̀ jẹ nìyẹn, wọ́n fi igi sílẹ̀ fún wa. Màlúù gbọ́n o jàre.

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ti Shakespeare wá túbọ̀ yé mi. Nínú eré ẹ̀, Troilus and Cressida, inú bí Troilus nígbà tó rí Cressida, olólùfẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú Diomedes, ó ní orts ìfẹ́ Cressida ló wá kan Diomedes. Leftovers, ìyẹn oúnjẹ tó ṣẹ́ kù lásán, èèyàn lè bò ó de ọ̀la kó sì gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n orts, ẹnu ti kàn án. Èébú gidi!

— Ṣé ẹnì kankan ti gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ rí ṣá, lẹ́nu èèyàn? Èmi ò gbọ́ rí o.